Bí A Ṣe Ń Ka Físà Ìbẹ̀wò

Ìyá kan ládùúgbò wa lọ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ ní ilẹ̀ Faransé. Lórí bébà físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ìyá ka ọjọ́ méjèèjì, ó rí i pé ọjọ́ 35 ló wà níbẹ̀, ó sì fọkàn balẹ̀ ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ló tó gba pápákọ̀ òfurufú lọ láti máa bọ̀ nílé. Òṣìṣẹ́ ibodè ṣí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó wo òǹtẹ̀ ọjọ́ tó wọlé, ó wo físà, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀. Ọjọ́ 20 péré ni wọ́n fún ìyá. Ó ti fi ọjọ́ 14 kọjá àṣẹ. Kò jalè, kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò ṣe iṣẹ́ owó. Ibi mẹ́ta ló yẹ kí ó kà lórí físà yẹn, ibì kan ṣoṣo ló kà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, ó mọ̀wé kà dáadáa. Kò kàn sí ẹni tó jókòó tì í kó tó gbéra, kó sọ fún un pé àkókò tí físà fi wúlò yàtọ̀ sí iye ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn láti lò. Lóde òní, ó ṣòro kí a rí ìdílé Yorùbá tí kò ní ẹni tó ń lọ kí ọmọ, kí àbúrò, tàbí tó kàn fẹ́ lọ gbafẹ́ lókè òkun. Owó tí wọ́n ń ná sí i kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, ẹnu ajẹ́ńtì àti ẹnu ẹni tó bá ti lọ rí ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa físà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò láti ìdí.

Oníbodè tó wá pàdé wa nílé

Láyé àwọn baba wa, ìlú tó bá ní odi ní ibodè, ibodè sì ní oníbodè. Àjèjì tó bá dé ibẹ̀ á gbọ́ ìbéèrè: ta ni ọ́, níbo lo ti ń bọ̀, ilé ta lo ń lọ, kí lo wá ṣe? Á san owó ibodè. Bó bá dárúkọ baálé kan tí wọ́n mọ̀ láàárín ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á tètè yanjú. Bó bá ń ká ọ̀rọ̀ sẹ́nu, ìta odi ni ilẹ̀ máa ṣú u sí.

Ìbéèrè wọ̀nyẹn náà ló wà nínú físà. Ohun tó yí padà ni pé ìlú tí à ń lọ ti gbé oníbodè rẹ̀ wá sí Èkó tàbí Àbújá, kí ó lè bi wá léèrè kí á tó gbéra. Èdè Látìn ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìwé tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ẹnì kan ní ìlú yẹn ti yẹ ìwé yín wò, ó sì gbà pé ẹ lè wá sí ẹnu ibodè. Kò tíì sọ pé ẹ ti wọlé. Oníbodè kejì ṣì ń dúró níbi tí bàlúù máa balẹ̀ sí, òun ló sì ń fúnni láyè láti wọlé. Èmi kì í fi kókó yìí ṣeré, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń rò pé bí físà bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí nǹkan fi rí báyìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1920, ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Paris láti fẹnu kò lórí bí pásípọ́ọ̀tù ṣe yẹ kó rí. Àwọn bàbá wa tó máa ń sọ pé àwọn kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi tí àwọn sì gba London lọ, òótọ́ ni wọ́n ń sọ: títí di 1962, ọmọ ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lè wọ Ìlú Ọba láìtọrọ àyè. Òfin ọdún yẹn ló kọ́kọ́ fa ilẹ̀kùn dé. Ní 1986, ìjọba Britain kéde pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀wò lásán ló bá wá. Ẹni tó ti ń lọ tó ń bọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn rí ìyípadà náà lójú ara rẹ̀.

Ibi tí a ti lè lọ láìgba físà

Kí á yára mẹ́nu ba èyí, nítorí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè láti lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tàbí kó tẹ̀ síwájú dé Lomé, kò nílò físà rárá. Àmọ́ àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé. Ní ibodè Sèmè, wọ́n á béèrè ìwé tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹni tó bá bá ọlọ́kadà gba ẹ̀yìn ibodè, tí kò sì gba òǹtẹ̀, ti wọ ìlú láìtọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin fún un láyè láti wọlé. Kí a tún rántí pé Mali, Burkina Faso àti Niger ti kúrò nínú ECOWAS láti oṣù kìíní 2025, nítorí náà kí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ má fi ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣe ìdánilójú.

Oríṣi físà kan tún wà tí a máa ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní e-visa. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ san owó, wọ́n fi lẹ́tà àṣẹ ránṣẹ́ sí yín. Òmíràn sì wà tí wọ́n ń fúnni nígbà tí èèyàn bá dé pápákọ̀. Orílẹ̀-èdè wa fúnra rẹ̀ lo oríṣi kejì yìí fún ọdún díẹ̀ kó tó fi e-visa rọ́pò rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London tàbí Houston, tí wọn kò ní ju pásípọ́ọ̀tù ibẹ̀ lọ, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbéra fún ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú èrò pé àwọn máa gba físà ní pápákọ̀ Ìkẹjà.

Oríṣi tó kù ni èyí tí à ń kówèé jọ fún, tí à ń lọ tẹ̀ka fún, tí à ń fi ọkàn méjì retí. Òun ló gba àlàyé jù.

Ìlú Ọba: oṣù mẹ́fà ni oṣù mẹ́fà

Físà ìbẹ̀wò kan ṣoṣo ni Britain ní fún ẹni tó ń lọ gbafẹ́, ẹni tó ń lọ kí ẹbí, ẹni tó ń lọ ṣèpàdé òwò àti ọ̀pọ̀ irú wọn. Ẹ lè gba èyí tó wúlò fún oṣù mẹ́fà, ọdún méjì, ọdún márùn-ún tàbí ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù kẹrin 2025, iye owó rẹ̀ di 127 pọ́n-ùn, 475, 848 àti 1,059 bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yẹn. Wọ́n máa ń yí owó náà padà, nítorí náà ojú ìwé ìjọba Britain fúnra rẹ̀ ni kí ẹ wò ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ san án. Ẹ lè kọ fọ́ọ̀mù láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ó máa ń gbà, ìwé tí ẹ kó sílẹ̀ ló sì ń gbẹnu sọ fún yín, nítorí wọn kì í sábà pe èèyàn wá bá ọ̀rọ̀ sọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Ẹni tó bá gba físà ọdún mẹ́wàá kò gba àṣẹ láti gbé London fún ọdún mẹ́wàá. Ó kàn lè máa lọ, kó máa bọ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn ni. Ìgbàkigbà tó bá lọ, kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù mẹ́fà. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ géètì tó ní ẹ lè yọjú sí òun nígbà tó bá wù yín: ẹ kò ní torí ìyẹn kó bẹ́ẹ̀dì yín wá. Àwọn kan máa ń lo oṣù mẹ́fà, wọ́n á wá sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tún padà. Òfin ibẹ̀ sọ ọ́ kedere pé àlejò kò gbọ́dọ̀ fi ìbẹ̀wò tó ń tẹ̀ lé ara wọn sọ ìlú di ilé. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ ibodè bá ka òǹtẹ̀ ìwọlé wọn pọ̀, ó lè fagi lé físà náà lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ìyá wa tó ń lọ tọ́jú abiyamọ máa ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ jáde. Àwọn kan ti kọ́ wọn pé bí wọ́n bá dárúkọ ọmọ títọ́jú, wọ́n á sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Ìyá á wá máa sọ fún òṣìṣẹ́ ibodè pé ààfin Ọba ni òun wá wò, nígbà tí àgbo àti ọṣẹ dúdú kún inú báàgì rẹ̀. Kò sídìí fún irọ́ yẹn. Ìlànà Britain gbà kí ìbátan wá fún ìgbà díẹ̀ láti bá wọn mójú tó ọmọ, bí kò bá ti di iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí bí olùtọ́jú ọmọ. Ìyá tó ń lọ lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ tó bímọ, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó fi lẹ́tà ọmọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí ilé ìwòsàn fojú sọ́nà fún kún un. Àṣà tó dára ni, kò yẹ kí a máa fi pamọ́ bí ẹrù òfin.

Àlejò kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ gbowó níbẹ̀. Kò lè jẹ àǹfààní owó ìrànwọ́ ìjọba. Bó bá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n lè ní kó sanwó rẹ̀, owó náà sì máa ń ga. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣègbéyàwó níbẹ̀ ní físà tirẹ̀ tó yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ọ̀nà láti fi físà ìbẹ̀wò wọlé kí a sì jókòó sí London sọ ọ́ di físà iṣẹ́. Ajẹ́ńtì tó bá sọ pé ẹ kàn kọ́kọ́ wọlé ná, ìyókù á yanjú, ó ń ta àkóbá fún yín.

Schengen: ìlú 29, ilẹ̀kùn kan

Abúlé kékeré kan ni Schengen, létí odò Moselle ní ilẹ̀ Luxembourg. Ibẹ̀ ni Faransé, Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn, Belgium, Netherlands àti Luxembourg ti fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kẹfà 1985 pé àwọn á mú ibodè kúrò láàárín ara àwọn. Lónìí, orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú rẹ̀. Físà kan ló ń kárí gbogbo wọn. Ìlú Ọba àti Ireland kò sí níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Èwo nínú ẹ́ḿbásì 29 ni kí ẹ lọ? Ti ìlú tí ẹ máa pẹ́ sí jù. Bí iye ọjọ́ bá dọ́gba, ti ìlú tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀. Ẹni tó ń lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá nílé àbúrò rẹ̀ ní Milan, tó wá lọ gba físà ní ẹ́ḿbásì mìíràn nítorí pé wọ́n sọ fún un pé tibẹ̀ ló yá, ti fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ àjò rẹ̀. Ẹ lè kọ fọ́ọ̀mù láti oṣù mẹ́fà ṣáájú àjò, kó sì má kéré sí ọjọ́ 15. Àgbàlagbà ń san 90 yúrò láti oṣù kẹfà 2024, ọmọ ọdún mẹ́fà sí 11 ń san 45, èyí tí kò tó ọdún mẹ́fà kò san nǹkan kan. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìtọ́jú àìsàn tó lè san ó kéré tán 30,000 yúrò. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ibẹ̀ tún kọ iye owó tí èèyàn yẹ kó ní fún oòjọ́ sílẹ̀. Ti Faransé, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ 65 yúrò lójúmọ́ fún ẹni tó ti gba yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, 120 fún ẹni tí kò gba yàrá.

Ẹ wá mú bébà físà náà sọ́wọ́, kí á jọ kà á. Lókè ni wọ́n ti kọ ibi tó wúlò dé, bóyá gbogbo ìlú Schengen tàbí díẹ̀ nínú wọn. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ méjì wà, *from* àti *until*, láti ọjọ́ báyìí dé ọjọ́ báyìí. Ìgbà tí ilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀ nìyẹn: ẹ kò lè wọlé ṣáájú ti àkọ́kọ́, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú ilé lẹ́yìn ìkejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni iye ìgbà tí ẹ lè wọlé: 01, 02, tàbí MULT tó túmọ̀ sí ìgbà púpọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú àpótí kékeré tí ojú kì í tètè rí, ni iye ọjọ́ tí ẹ lè lò wà. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ 20 sí fún ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí tí ọjọ́ tó wà lókè fi jẹ́ 35 ni pé òfin wọn máa ń fi ọjọ́ 15 kún un, kí ẹni tí àjò rẹ̀ bá sún díẹ̀ síwájú má baà pàdánù físà. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, ó sì wá di ẹ̀tẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá wọlé jẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ tí ẹ bá jáde náà jẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ bá tilẹ̀ wọlé ní aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ 01 yẹn ti fi ọ̀pọ̀ sínú ìdààmú. Ẹ ká sọ pé ẹ wà ní Paris pẹ̀lú físà 01, ẹ sì tún ní físà Ìlú Ọba. Ẹ wọ rélùwéè lọ kí ẹ̀gbọ́n ní London fún ọjọ́ méjì, torí kò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ ṣe kúrò ní Paris yẹn, ẹ ti jáde ní Schengen. Ìgbà kan tí wọ́n fún yín ti tán. Bàlúù tó máa gbé yín padà sí Èkó wà ní Paris, ẹ̀yin sì wà ní London, ẹ kò sì lè padà wọlé. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ nígbà tó bá ń tọrọ físà, kó sì béèrè fún ìgbà méjì. Irú rẹ̀ náà ló wà láàárín Belfast ní Ìlú Ọba àti Dublin ní Ireland. Bọ́ọ̀sì ń lọ, bọ́ọ̀sì ń bọ̀, ẹ kò rí ibodè kankan lójú ọ̀nà, àmọ́ físà Ìlú Ọba kò fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Ireland. Àìrí oníbodè kò túmọ̀ sí pé odi kò sí níbẹ̀.

Fún ẹni tí wọ́n fún ní físà MULT, òfin 90 nínú 180 ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí, ẹ kò gbọ́dọ̀ lò ju 90 lọ ní gbogbo ìlú Schengen lápapọ̀. Àwọn kan rò pé bí àwọn bá ti jáde, kíkà á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Rárá o. Ẹ fi wé owó tí ẹ kó fún ẹni tó ń bá yín ṣòwò: ọjọ́ tí ẹ bá ná lónìí, ó di lẹ́yìn ọjọ́ 180 kó tó padà sápò yín. Bí ẹ bá lo ọjọ́ 60, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní dé ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, tí ẹ wá padà lọ ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, ọjọ́ 30 péré ló kù nínú àpò. Ẹ máa wo ẹ̀yìn láràárọ̀ tí ẹ bá wà níbẹ̀, kí ẹ ka ọjọ́ 180 padà.

Kí n má gbàgbé ẹni tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn díẹ̀ tí Schengen ń béèrè físà ìkọjá lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ bàlúù ní pápákọ̀ wọn, bí wọn kò bá tilẹ̀ ní jáde síta. Ẹni tó bá ní físà àwọn orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ lè bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ wádìí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú nítorí pé ó gba ìlú mẹ́ta kọjá.

Ìbéèrè tó wà nídìí gbogbo fọ́ọ̀mù

Fọ́ọ̀mù lè gùn tó ojú ìwé mẹ́wàá, ohun kan ló ń wádìí: ṣé ẹ máa padà wálé? Amẹ́ríkà tilẹ̀ sọ tirẹ̀ jáde nínú òfin. Apá tí wọ́n ń pè ní 214(b), nínú òfin wọn ti 1952, ní kí òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì gbà pé ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ físà ìbẹ̀wò fẹ́ lọ jókòó ni, àfi bí ẹni náà bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa já a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kọ físà fún ẹni tó lówó púpọ̀ ní báńkì, kí wọ́n sì fún olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, ilé yín ni wọ́n ń wò: iṣẹ́ tó ń dúró dè yín, ọkọ tàbí aya, ọmọ tó ṣì ń lọ sílé ìwé, ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣí lójoojúmọ́, ilẹ̀ tí ẹ ń kọ́ lé lórí.

Nípa owó, Britain kò kọ iye kan pàtó sílẹ̀ fún àlejò. Ajẹ́ńtì ló ń dá iye sílẹ̀. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì kan bí òṣìṣẹ́ físà ṣe máa wò ó. Owó oṣù 180,000 náírà ń wọlé níparí oṣù. Owó iná, owó dátà, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá lábúlé ń jáde. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, ó sábà máa ń ku 22,000. Báyìí fún oṣù márùn-ún. Lójijì, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ balẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ ìwé náà jáde láti fi tọrọ físà. Òṣìṣẹ́ yẹn kò mọ̀ yín rí, ìlà yìí nìkan ló rí. Ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé owó àyálò ni.

Ó sì lè má jẹ́ àyálò. Ó lè jẹ́ pé àjọ ló kàn yín. Ẹ ti ń dá a láti ọdún tó kọjá, owó ń jáde díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, ó wá wọlé lápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lójú wa, ìyẹn ni ẹ̀rí pé èèyàn mọ owó ṣọ́. Lójú ẹni tí kò mọ àjọ, owó tó já bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kúkúrú, ẹ fi káàdì àjọ tàbí ìwé ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù kún un, ẹ fi ìka tọ́ka sí àwọn ìlà tí owó ti ń jáde nínú àkáǹtì yín. Bí ilẹ̀ ni ẹ tà, ẹ mú ìwé ilẹ̀ wá. Bí ọmọ lókè òkun ló ń gbé gbogbo owó náà, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó fi àkọsílẹ̀ owó tirẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ọmọ tó ń gbọ́ bùkátà òbí kì í ṣe ohun ìtìjú, wọ́n sì gbà á láàyè.

Ibi tí ìdààmú ti ń wá

Ilé-iṣẹ́ tí ẹ máa ń lọ tẹ̀ka fún, tó ń gba ìwé yín, kì í ṣe ẹ́ḿbásì. Alágbàṣe ni wọ́n. Wọ́n á ya fọ́tò yín, wọ́n á gba ìka yín, wọ́n á sì kó ìwé náà ránṣẹ́. Wọn kò ní ẹnu nínú ìpinnu. Owó tí ẹnikẹ́ni bá gbà lọ́wọ́ yín pé òun ní ẹnì kan nínú ibẹ̀ tó máa bá yín sọ̀rọ̀, ó ti wọmi.

Èyí tó burú jù ni ìwé ayédèrú. Ajẹ́ńtì á ní kí ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, òun á bá yín ṣe lẹ́tà iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ báńkì. Orúkọ yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Ní Britain, bí wọ́n bá rí i pé èèyàn lo ìwé irọ́ láti tọrọ físà, wọ́n lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún mẹ́wàá. Mo ti jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ka lẹ́tà tí wọ́n fi tìlẹ̀kùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ gidi, lẹ́tà iṣẹ́ gidi sì wà tí ì bá mú wá, ajẹ́ńtì ló sọ fún un pé kò lágbára tó. Ó ń ka gbólóhùn kan náà ní àkàtúnkà, bí ẹni pé ọdún náà lè dín.

Kíkọ̀ nìkan yàtọ̀ sí èyí. Wọ́n lè kọ físà fún yín lónìí, kí ẹ tún un tọrọ kí wọ́n sì fún yín. Owó tí ẹ san kò ní padà, ẹ ó san òmíràn. Schengen máa ń fi fọ́ọ̀mù tó sọ ìdí ránṣẹ́, ẹ sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Fún físà ìbẹ̀wò Britain, kò sábà sí ẹjọ́ láti pè, ẹ máa tún fọ́ọ̀mù kọ ni. Ẹ ka lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ náà ní gbólóhùn-gbólóhùn kí ẹ tó tún san owó, nítorí ó máa ń sọ ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bí fọ́ọ̀mù mìíràn bá sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ físà fún yín rí, ẹ sọ òótọ́. Wọ́n máa ń rí i.

Mi ò ní sọ pé ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí ni wọ́n máa fún. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ wọn kò tọ́, mo sì mọ àwọn tí wọ́n ṣe gbogbo nǹkan bó ti yẹ, tí wọ́n sì já kulẹ̀. Òfin pàápàá lè yí lóru ọjọ́ kan. Ní oṣù keje 2025, Amẹ́ríkà gé físà ìbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà kúrú sí oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ìgbà kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba ọlọ́dún púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2026, wọ́n ti dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò tó láti fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Oníbodè kejì

Ẹ ti balẹ̀. Ìlà gùn, ara ti rẹ̀ yín. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sínú àpótí dígí á béèrè ohun tí fọ́ọ̀mù ti béèrè tẹ́lẹ̀: ilé ta ni ẹ ń lọ, ọjọ́ mélòó ni ẹ máa lò, kí ni ẹ wá ṣe? Ó ń wò ó bóyá ìdáhùn yín bá ohun tí ẹ kọ mu. Ẹ má fi lẹ́tà tó pè yín, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí ẹ ń lọ bá sínú àpótí tó wà nísàlẹ̀ bàlúù. Inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà, nínú bébà, torí fóònù lè kú. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ yìí gan-an ló ń pinnu ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ fi ìlú sílẹ̀, ọjọ́ náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní I-94, tí ẹ lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tó wà lórí físà kọ́ ni kí ẹ máa kà níbẹ̀.

Ìyá tó jókòó kọjá ọjọ́ tún físà náà tọrọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà ojú ìwé kan pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́ tó gún régé yẹn, ó ṣàlàyé bí òun ṣe ka físà sí òdì, ó fi ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti òǹtẹ̀ ọjọ́ tó padà wọ Nàìjíríà tì í. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé pásípọ́ọ̀tù náà wá sílé wa, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ní kí n má sọ̀rọ̀. Ó fi ìka lé ọjọ́ méjèèjì, ó fi lé 01, ó wá dúró pẹ́ lórí àpótí kékeré yẹn. Ọgbọ̀n. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa ló bá mú lára ògiri, ó ka ọjọ́ tó máa dé ibẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi bírò pupa yí ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n po.